Àjọkẹ́ Tó Wà Lára Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin náà. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀ ni ọkọ̀ búrẹ́dì kan yọ ní kọ́nà, funfun báláú, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ÀJỌKẸ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bí ọkọ̀ náà ṣe dúró lódìkejì títì, ó sọdá lọ bá awakọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ kọ orúkọ mi sára ọkọ̀?"

Ọkùnrin náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó mà ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó ni ín o."

Àjọkẹ́ tó wọlé padà láàárọ̀ yẹn kì í ṣe ẹni tó jáde. Kò pẹ́ tí òun àti Oníbúrẹ́dì fi di tìmọ́tìmọ́. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, àwọn aládùúgbò á kígbe pé, "Àjọkẹ́, ọkọ̀ rẹ dé o!" Kò sọ fún wọn pé tìtorí òun ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò kúkú sọ pé kì í ṣe tìtorí òun.

Lọ́jọ́ tí Oníbúrẹ́dì ní àwọn òbí òun fẹ́ wá rí ìyá Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ ní kó fún òun láyè díẹ̀. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ. Ó kàn wù ú kí ọkùnrin náà bẹ òun díẹ̀ sí i ni.

Àárín ìgbà yẹn ni obìnrin kan gbé kaba wá fún àtúnṣe. Arẹwà ni, ká sòótọ́. Àjọkẹ́ Aránṣọ ń fi pín-ìnnì há ìbàdí kaba náà nígbà tí ọkọ̀ búrẹ́dì fọn fèrè. Obìnrin náà wo ìta, ó pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Kò tíì pa orúkọ mi rẹ́! Èmi náà ń jẹ́ Àjọkẹ́. A fẹ́ra nígbà kan. Èmi gan-an ni mo yan ọ̀dà pupa yẹn fún un."

Pín-ìnnì wà lẹ́nu Aránṣọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Owú gbé e dìde, ó gbé e jókòó. Ó ká ìbàdí kaba náà sínú ju bó ṣe wọ̀n ọ́n lọ, kò sì kábàámọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ ká Oníbúrẹ́dì mọ́ ìdí ààrò.

"O ní ò ń wá ẹni tó ni ín. O ò sọ pé o ti rí i rí!"

"Ó fi mí sílẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn, olólùfẹ́ mi. Kí n tó rójú pa á rẹ́, gbogbo ayé ti ń pè é ní búrẹ́dì Àjọkẹ́."

"Bí o bá pè mí, ta lò ń pè?"

"Ìwọ ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Pa á rẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí àwọn òbí rẹ jókòó sílé wọn."

Nígbà tí Aránṣọ ròyìn fún ìyá rẹ̀, màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ìyá arúgbó nìkan ló ń jẹ́ Àjọkẹ́. Ọdún tí mo bí ọ, obìnrin olóhùn iyọ̀ kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, Àjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Gbogbo àwa abiyamọ ni orúkọ náà kó sí lórí. O ò rántí? Ní ilé ìwé, Àjọkẹ́ Pupa wà, Àjọkẹ́ Gíga wà. Ìwọ ni Àjọkẹ́ Oníjà."

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Àwa tá a bí ọ àti gbogbo ilé, a jọ kẹ́ ọ ni, ìdí orúkọ rẹ nìyẹn. Àṣé ìwọ alára ò ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jọ nǹkan kan!"

"Ọkùnrin ò ṣeé jọ ní, màmá."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ lẹ jọ ní, ẹ ò jọ ní ọkùnrin."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ náà dé pẹ̀lú iwájú òfìfo. Oníbúrẹ́dì ti fi ọ̀bẹ ha orúkọ náà kúrò, ó ti fi yanrìn gbo ó. Àwọn oníbàárà ò dá ọkọ̀ náà mọ̀, wọ́n ń kọjá lọ. Màmá àgbà kan tiẹ̀ bi Oníbúrẹ́dì pé ìgbà wo ni búrẹ́dì Àjọkẹ́ máa dé. Agbọ̀n kún fọ́fọ́, ó jókòó tì í, kò sì ráhùn. Aránṣọ fẹ́ yọ̀, ayọ̀ ò wá. Ó sọdá títì.

"O pa á rẹ́ lóòótọ́."

"Ìwọ lo ní kí n pa á rẹ́."

"Kí lo wá fẹ́ kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni mo rò."

Wọ́n wo ara wọn. Aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ọkọ̀.

"Má fi pupa kọ ọ́ o. Pupa ti ẹlòmíràn ni. Ìwọ kọ́ lo sì máa kọ ọ́."

Oníbúrẹ́dì sáré lọ gbé ọ̀dà búlúù tó fi kun fèrèsé ilé búrẹ́dì wá. Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa ìlà, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì. Kò fi ọ̀dà kọ nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Lẹ́tà kan ń sùn, èkejì ń nàró. Màmá àgbà yẹn padà wá, ó dúró wò ó.

"Ta ló ń kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ báyìí?"

"Ìyàwó mi ni, màmá," ni Oníbúrẹ́dì wí.

Aránṣọ kò yíjú padà. Ó tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún un," ó wí, "kí àwọn òbí rẹ̀ máa bọ̀."