Ìràwọ̀ Ara Nẹ́ẹ̀tì

"Rúùtù, kí lẹ fẹ́ fi àkísà wọ̀nyí ṣe?"

Goodness ló béèrè bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló yà kí Rúùtù nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí iléèwé gba ìsinmi Kérésìmesì. Wọ́n bá páálí kan lórí fàráńdà, èyí tí bàbá Rúùtù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú yàrá. Goodness bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì mú ìràwọ̀ kan tí wọ́n fi àjákù aṣọ rán, ó gbé e sókè bí ẹni tó di ìrù òkú eku mú. Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Rúùtù mọ ohun tó wà nínú páálí náà dáadáa. Ìyá rẹ̀, Ìrètíolúwa, tó jẹ́ télọ̀, ló rán àwọn ìràwọ̀ yẹn nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Lákòókò náà, ooru kò jẹ́ kó lè sùn nínú yàrá, ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kó lè gbádùn ìta. Ni ọkọ rẹ̀, Oyèdèjì, tó ń wa ọkọ̀ èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, bá ra nẹ́ẹ̀tì onírin, ó kàn án yí fàráńdà ká láti òkè délẹ̀, ó sì tẹ́ ibùsùn síbẹ̀ fún aya rẹ̀. Orí ibùsùn yẹn ni obìnrin náà ti ń gé àjákù aṣọ àwọn ará ilé rẹ̀: aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀, aṣọ àdúrà funfun ọkọ rẹ̀, aṣọ tí Rúùtù kọ́kọ́ wọ lọ síléèwé. Ó ń fi ọwọ́ rán wọn ní ìràwọ̀, ó ń ki òwú sí wọn nínú. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà fi dé, ìràwọ̀ ti kún ara nẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ ọdún yẹn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí ìyá Rúùtù fi kú.

Gbogbo èyí ló yẹ kí Rúùtù sọ. Ṣùgbọ́n ojú tì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Àkísà ni lóòótọ́," ó ní. "A fẹ́ lọ dà wọ́n nù ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Goodness dáhùn. "Fàráńdà yín yìí mà rẹwà o! Tó o bá so bàlúùnù àti iná tó ń ṣẹ́jú mọ́ ọn, ibí la ti máa ya fọ́tò tí Kérésì bá ku ọ̀la. Bàlúùnù àti iná kún ṣọ́ọ̀bù mọ́mì mi ní Ọjà Igbó. Màá bá ẹ mú díẹ̀ wá."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la, Oyèdèjì múra láti lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ mú ìyá ìyàwó rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Ọ̀yọ́, wá. Láti ìgbà tí ọmọ Màmá Ọ̀yọ́ ti kú, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Ó ní ojú òun kò lè gbà á. Ọdún yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé òun yóò wá, kí òun wá fi ojú kan iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun.

"Rúùtù," bàbá rẹ̀ pè é, "èmi ni mo so àwọn ìràwọ̀ yẹn lọ́dún tó kọjá. Ìwọ ni kó o so wọ́n lọ́tẹ̀ yìí. O ti dàgbà. Ọwọ́ rẹ ló yẹ kí iṣẹ́ yẹn bọ́ sí."

"Ẹ ṣeun, Dádì. Kẹ́ ẹ tó dé, màá ti so wọ́n tán."

Bí ọkọ̀ ṣe ṣí ni Rúùtù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bàlúùnù tí Goodness ti mú wá. Emmanuel, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bá a fẹ́ wọn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Wọ́n so pupa, wọ́n so aláwọ̀ ewé, wọ́n fa iná wínníwínní yí òkè nẹ́ẹ̀tì ká. Fàráńdà ń dán yinrin. Ó wá ku páálí. Tí Goodness bá tún bá a nílẹ̀ ńkọ́? Tí Dádì bá dé, tó ní àfi kí òun so àkísà mọ́ àárín bàlúùnù ńkọ́? Rúùtù gbé e, ó di ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí.

Emmanuel tẹ̀lé e. "Ṣé o ò ní so ti Mọ́mì ni?"

"Wọ́n ti gbó. Wọlé lọ!"

Rúùtù ṣáná sí i. Iná bẹ̀rẹ̀ láti etí páálí, ó ń rọra jẹ ẹ́ bọ̀. Garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Rúùtù wo iná, ó wo omi, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn Goodness dún lẹ́nu ọ̀nà: "Rúùtù o! A ti dé!"

Ó sáré lọ bá wọn, ó sì fi iná sílẹ̀ kó máa jó.

Àwọn ọmọbìnrin náà ya fọ́tò, wọ́n yí síbí, wọ́n yí sọ́hùn-ún. Rúùtù ti gbé bisikíìtì àti mínírà kalẹ̀ dè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò tilẹ̀ jókòó. Goodness ní ilé kan wà tí igi Kérésìmesì rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ibẹ̀ làwọn ń sáré lọ. Wọn kò sì sọ fún Rúùtù pé ká lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ Oyèdèjì dé. Rúùtù kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Àjọkẹ́ mi!" Màmá Ọ̀yọ́ fi oríkì rẹ̀ pè é, ó fà á dìde, ó dì mọ́ ọn. "O ti ga tó báyìí? Ìyá rẹ lo gbé kalẹ̀."

Ìyá àgbà wọ fàráńdà, ó ń fi ọwọ́ tọ́ bàlúùnù kan dé èkejì bí ẹni ń wá ọmọ láàárín èrò. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó tú báàgì rẹ̀, ó fa ìró àtijọ́ kan yọ.

"Ìró tí mo fi pọn ìyá yín nìyí. Mo ní kí n gé díẹ̀ lára rẹ̀, kí èmi náà rán ìràwọ̀ kan, kí n so ó mọ́ tirẹ̀. Níbo lo so tirẹ̀ sí, Àjọkẹ́?"

Rúùtù dáhùn pé, "Eku... eku ló jẹ wọ́n, Mà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ti Rúùtù kò tíì gbẹ́sẹ̀ tí òótọ́ fi dì í mú.

"Irọ́ ni!" Emmanuel bú sẹ́kún. "Òun ló dáná sun wọ́n! Mo rí i látojú fèrèsé! Mo sọ fún un, kò gbọ́!"

Oyèdèjì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Rúùtù ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe lóṣòó ti eérú, tó ń fi ọwọ́ ro ó, tó sì ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun báláú.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Rúùtù, o mọ̀ pé ìyá rẹ kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́ nígbà tó ń rán àwọn ìyẹn. Èmi ni mò ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́." Ohùn rẹ̀ já. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì sunkún níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Rúùtù kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ká ní ó nà án ni, ìbá sàn fún un.

Màmá Ọ̀yọ́ ká ìró rẹ̀, ó dá a padà sínú báàgì.

Bí wọ́n ṣe ṣe ọdún náà kò jọ ọdún. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọrin, wọ́n padà wálé, oúnjẹ tutù sórí tábìlì. Ìyá àgbà tó ti ní òun yóò bá wọn wọ ọdún tuntun ní kí Oyèdèjì dá òun padà sí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kejì. Rúùtù gbé ẹrù rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó wá kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú lọ. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, Àjọkẹ́. Mi ò bínú. Mo ti dárí jì ọ́ látàná." Ìyá àgbà nu omijé Rúùtù nù. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í sọ eérú di aṣọ, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ sunkún ọmọ mi nílé ni. Ó dà bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ín."

Ọkọ̀ ṣí. Rúùtù dúró lójú títì títí kò fi rí i mọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì wọ́n ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè san lọ: kí ènìyàn má ṣe tìtorí ojú ayé ta ohun tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nù, nítorí ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń bà wá lẹ́rù kì í dúró bá wa sunkún.