Ta Ló Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Pikọ́ọ̀pù?

Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dé, wọ́n ti lu mẹkáníìkì. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ilé ọkọ̀, ó fi àkísà di ẹnu mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Oníbúrẹ́dì dúró lé e lórí, ó ṣì di ìkúùkù.

"Ọ̀gá, olè nìyí," ni Oníbúrẹ́dì wí. "Ẹ gbé e lọ kí n tó pa á."

Àgbà obìnrin ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹnu mẹkáníìkì. Ó wo ọwọ́ Oníbúrẹ́dì. Ó bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì.

"Sún sẹ́yìn. Kí ni wọ́n jí?"

Oníbúrẹ́dì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pikọ́ọ̀pù tó wà nínú ilé ọkọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ni ín, òun ló sì fi ń gbé búrẹ́dì kiri. Ẹ́ńjìnnì ńlá ló wà nínú rẹ̀ kí Oníbúrẹ́dì tó rìnrìn àjò. Mẹkáníìkì yìí ló bá a gbé e sí i. Àná ló dé. Nígbà tó wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀, òkè iwájú ilé lásán, kò lè gùn ún. Ó ṣí i wò. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ló bá níbẹ̀, kékeré, ògbólógbòó, tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn.

"Ta ló tún mọ ọkọ̀ yìí í tú bí kò ṣe òun?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti gbà á lọ́wọ́ mi," ni mẹkáníìkì wí. "Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu, ọ̀gá. Ẹ̀ṣẹ́ ló fi kí mi."

"Dìde, wá wò ó. Ṣé o mọ ẹ́ńjìnnì yìí?"

Mẹkáníìkì tẹ̀ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀dà náà. "Òun ni mo tú kúrò nínú ọkọ̀ yìí nígbà yẹn. Àgbàlá yìí ni mo gbé e sí. Ó ní káwọn ará ilé jù ú nù."

Ìyá Ìbéèrè ki ìka bọ kọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nǹkan funfun tó ti pò mọ́ ọ́ìlì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè: nǹkan kan ti ha igi àjà, ojú ibi tó ha náà ṣì mọ́ fínnífínní.

"Wọ́n já àgádágodo?"

"Rárá. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, ìkejì wà nínú ilé."

"Olè yìí mà láàánú o. Kò já ìlẹ̀kùn, ó gbé ẹ́ńjìnnì lọ, ó tún fi òmíràn sílẹ̀ kó o má baà fẹsẹ̀ rìn." Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo jí i, ṣé wàá fi òmíràn dípò?"

"Fún kí ni? Màá gbé e, màá sá lọ ni."

Ìyá Ìbéèrè wọ ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Àbúrò Oníbúrẹ́dì ló bá níbẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun. Ẹsẹ̀ kan ló kù fún un. Ó gbé ọ̀pá méjì ti ògiri.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ni mò ń bi."

Ó gbá ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀. "Òun ló wa pikọ́ọ̀pù. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Mò ń lu òrùlé ọkọ̀ pé kó rọra. Ẹ́ńjìnnì ńlá ń pa á bí ọtí. Ọkọ̀ takìtì. Ìgbà tí mo lajú, ọsibítù ni mo wà, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi."

"O bínú sí i."

"Mò ń bínú sí i bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí. Ṣé èmi yìí ni màá dá ẹ́ńjìnnì gbé?"

Ìyá Ìbéèrè tọ́ka sókè orí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kan rọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi ń fa àpò ìyẹ̀fun sókè àjà. Ìkọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Láti ìgbà wo ni àpò ìyẹ̀fun ti ń yọ ọ́ìlì?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun.

"Aláìlágbára lè fi ẹ̀wọ̀n yìí gbé màlúù. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyẹ̀fun?"

Ó wolẹ̀. "Màmá wa."

Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyẹ̀fun ni ìyá wọn jókòó sí. Ìyá Ìbéèrè pe gbogbo wọn jọ síbẹ̀.

"Ìyẹ̀fun ló wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, Ìyá. Yàrá yìí ló ti sùn. Ẹni tó ṣe é ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ó sì gbé ẹ̀wọ̀n yín lọ sí ilé ọkọ̀, òun ló ha igi àjà. Kò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Ó fẹ́ kó máa rìn, kó má ṣe lè sáré."

Ìyá náà kò janpata. "Èmi ni. Ọkọ mi kọ́ mi ní títú ẹ́ńjìnnì yẹn kí n tó bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jù ú síta, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e wọlé. Ọmọ mi rìnrìn àjò, mo fa ẹ̀wọ̀n, àbúrò rẹ̀ ń de nọ́ọ̀tì."

"Màámi, ńlá yẹn dà?" ni Oníbúrẹ́dì bèèrè.

"Ó wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi ìdáná. Mo ti fi òòlù fọ́ ọ."

"Ẹ ba nǹkan mi jẹ́."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ba tèmi jẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo bí, ẹlẹ́sẹ̀ kan lo gbé wálé fún mi. Mo bẹ̀ ọ́. Mo pe ẹbí lé ọ lórí. Kí ọgbẹ́ rẹ̀ tó jinná, o ti tún ń sáré."

Oníbúrẹ́dì yíjú sí ẹsẹ̀ kan tó kù fún àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Ìbéèrè kò rọ̀.

"Ìyá, níbo lẹ wà nígbà tó ń lu mẹkáníìkì?"

Ó di ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn mú. "Ojú fèrèsé. Mo rò pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ara àbúrò rẹ̀ ni ìkúùkù yẹn máa bọ́ sí."

"Lẹ bá jẹ́ kó bọ́ sí ara ọmọ ẹlòmíràn."

Ìyá náà kúnlẹ̀ níwájú mẹkáníìkì. Kíá ni ọkùnrin náà fà á dìde.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Kì í ṣe pé mo dárí jì yín. Mi ò kàn lè wo àgbà lórí eékún ni."

Ìyá Ìbéèrè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. "Ọkọ̀ bàbá yín, ẹ ò tíì pín in, ẹbí ni kó bá yín dá sí i. Ẹni tó o lù kì í ṣe ẹbí rẹ. Ìyá, ẹ̀yin náà ń bọ̀ wá sọ tẹnu yín ní àgọ́."

Ó ní kí mẹkáníìkì jókòó síwájú mọ́tò ọlọ́pàá, kí wọ́n lè gba ọsibítù kọjá. Oníbúrẹ́dì na ọrùn láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ ni."

Mẹkáníìkì kò wẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí. "Kóòtù ni màá ti gbọ́ tirẹ̀."