Àìsàn Àfẹnudá

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, bọ́ síwájú ká rí ojú ẹ." Kámẹ́rà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó di ojú kan. "Àbí òkè lò ń tijú ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì tún sá sẹ́yìn Àgbà-Ọ̀jẹ̀, ọmọkùnrin tó sanra jù láàárín wọn. Ẹ̀yìn ọmọ yẹn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó ṣeé sá pa mọ́ sí. Nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n ti yà láti àná, etí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan àti ìgúnpá rẹ̀ nìkan ló hàn.

Ibi tí wọ́n wà dára débi pé ẹni tó ń bínú yóò gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Òkè ń bẹ lẹ́yìn òkè. Àwọn tó wà nítòsí tutù yọ̀yọ̀, àwọn tó jìnnà dúdú bí aró. Kùrukùru jókòó sí àfonífojì bí ìfóófòó ọṣẹ nínú ọpọ́n. Omi ń já bọ́ látorí àpáta, ó ń dún gbùùù, afẹ́fẹ́ tútù sì ń wọ inú ẹ̀wù ẹni láìgbàṣẹ. Kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹ̀gbọ́n Kámẹ́rà ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá, kí wọ́n lè lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ níbẹ̀.

Gbogbo wọn ń jayé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni ayé ọ̀hún ń há lọ́nà ọ̀fun, torí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá.

Ọ̀dọ̀ Alágbàfọ̀ ló yẹ kó wà. Obìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ ní ìkángun òpópónà wọn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá ti dé láti ilé ìwé. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ló ń kó aṣọ ìbùsùn wá fún wọn. Bí ìsinmi bá dé, tí àlejò kún hòtẹ́ẹ̀lì, aṣọ á ga dé òrùlé. Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ tọrọ àyè, Alágbàfọ̀ ní, "Ìsinmi àwọn ẹlòmíì ni ìkórè tiwa. Jẹ́ kó kọjá ná, kó o wá lọ síbi tó bá wù ọ́."

Kámẹ́rà ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. "Sọ pé ara ìyá àgbà ẹ ò yá. Ta ló fẹ́ ní kí arúgbó má ṣàìsàn?"

Ló bá lọ dúró níwájú tábìlì ìlọṣọ, ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara màmá mi ò yá. Wọn ò lè dìde."

Kíá ni Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Kí lo wá ń dúró ṣe níbí? Máa lọ. Ìyá tèmi, nígbà tí mo máa fi dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́." Ó ki ìborùn onírun kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Fi bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Òtútù ò dáa fún àgbà."

Ìborùn yẹn gan-an ló wà lọ́rùn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí òkè. Ó móoru, ṣùgbọ́n ṣe ló ń jó o lára bí èsìsì.

Màmá, ìyá àgbà rẹ̀, ní tiẹ̀, gbà pé ọ̀gá ló yọ̀ǹda ọmọ. Ohun tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ fún un nìyẹn. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó gbá ìdí ara rẹ̀ gbàá. "Lọ bá mi wo òkè wá. Èyí tí mò ń gbé kiri yìí nìkan lèmi mọ̀."

Bí wọ́n ṣe gun gẹ̀rẹ́ kan dé òkè, fóònù Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì dún. Ohùn Alágbàfọ̀ ni, tó ti ká sílẹ̀: "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo wà lọ́dọ̀ màmá. Wọ́n ń kérora gan-an. Nọ́ọ̀sì ti gún wọn lábẹ́rẹ́. Níbikíbi tí wọ́n bá rán ọ dé, tètè máa bọ̀."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fóònù bọ àpò. "Ẹnu mi ni. Ẹnu mi ló fà á."

"Ẹnu ta ló ń fa àìsàn?" Kámẹ́rà ní. "Wọ́n ṣáà ti gún wọn lábẹ́rẹ́. Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Ọ̀la la máa dé ibi adágún odò o."

"Mò ń lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ní torí ẹ padà."

"Mi ò ní kí wọ́n padà."

Àgbà-Ọ̀jẹ̀ nìkan ló sìn ín dé títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó kábéèjì ló gbé e. Awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀. Ẹyin lohùn, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún un láti kékeré; ó wá dà bíi pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹyin náà mọ́lẹ̀, tó sì jẹ́ pé Màmá ló fọ́.

Nígbà tó dénú yàrá, òórùn róòbù ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Wọ́n ti fa kọ́tìnì. Màmá na gbalaja, wọ́n bò ó dé àgbọ̀n, Alágbàfọ̀ sì jókòó tì í lórí àpótí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ gbì.

"O ti dé," Alágbàfọ̀ ní. "Ṣé o rí oògùn náà gbà? Màmá ní àwọn rán ọ sí àǹtí yín."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé e, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti yára jù ú lọ. "Wọn... wọn ò sí nílé mà." Irọ́ a máa bímọ ju ehoro lọ.

"Kò burú. Jẹ́ kí n lọ gbé omi kaná fún wọn."

Bí ó ti jáde, Màmá la ojú kan. "Ó ti lọ?"

"Màmá!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Ara mi le koko." Ó gbórí sókè díẹ̀. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń họ ìdí ìkòkò, mò ń kọrin, tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, 'Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ò lè dìde.' Mo wo ara mi, mo rí i pé mo ti wà lórí ìdúró. Ìgbà tí mo rò ó sọ́tùn-ún rò ó sósì, ó yé mi. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo ju ara mi sórí bẹ́ẹ̀dì bí àpò ìrẹsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Àṣejù ni mo ṣe, ọmọ mi. Ká ní mo rọra kérora ni, kò ní pe nọ́ọ̀sì. Ìyẹn bá ní kí n kọ ìdí síta. Irọ́ tìẹ, ìdí tèmi."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Pẹ́lẹ́ńgẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Abẹ́rẹ́ kọ́ ló dùn mí jù. Obìnrin yìí ti ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láti àná. Orí ẹní ló sùn. Bí mo bá dákẹ́, á fọwọ́ kàn mí, á wò bóyá mo ṣì ń mí. Àdúgbò yìí mọ̀ mí. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, wọn kì í wádìí ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹnu yẹn náà ni mo fi ń kérora. Mo rò ó pé bí mi ò bá bò ọ́ láṣìírí, á lé ọ. Ibi tí agbára mi mọ nìyí. Ìyókù dọwọ́ ẹ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé e yẹ̀ wò. Ó rọrùn púpọ̀. Lọ́la, ara Màmá á "yá", gbogbo ẹ̀ á parí, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Alágbàfọ̀ láti ìdí sítóòfù, ó ń dáhùn fóònù: "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì nílò aṣọ ìbùsùn yẹn lónìí. Ìyá mi ni ara wọn ò yá... Ẹ ti gbé e fún ẹlòmíì? Gbogbo ẹ̀? Kò burú, sà. Ẹ ṣeun."

Ó wọlé tòun ti ife omi gbígbóná, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ̀rín yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò lè fara dà.

"Ọ̀gá mi, Màmá ò ṣàìsàn. Irọ́ ni mo pa. Orí òkè ni mo lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi." Ó tú ìborùn lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Èmi ni mo fi èyí bora."

Alágbàfọ̀ gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Màmá ló ń wò. Arúgbó náà ká aṣọ kúrò lára, ó dìde jókòó.

"Òótọ́ ló sọ, ọmọ mi. Ara mi le, àfi ibi tí nọ́ọ̀sì gún."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

"Mo dúpẹ́ pé ẹ ò ṣàìsàn, mà," Alágbàfọ̀ ní, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ó kó róòbù rẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ṣé kí n má wá mọ́?"

"Máa bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdè. Iṣẹ́ ò ní pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n máa bọ̀. Àmọ́ láti òní lọ, bí o bá ní o ò lè wá, àfi kí màmá fẹnu ara wọn sọ fún mi pé..." Ó wo orí bẹ́ẹ̀dì, ó mi orí. "Rárá. Màá máa wá fojú ara mi rí i."

Ó jáde, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Màmá la ẹnu. Arúgbó tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sìnkú, á rí ohun tó máa fi pa aṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín, la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó bá kọjú sí ògiri.

Ibẹ̀ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti mọ ohun tó ṣe gan-an. Ó rò pé òun nìkan ni irọ́ òun lè kó bá, kò mọ̀ pé irọ́ kì í gbé lọ́dọ̀ ẹni tó pa á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn wa ló máa ń lọ sùn, òun ló sì máa ń gba orúkọ rere lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ìgbádùn tí a bá ní láti fi ẹlòmíì purọ́ ká tó rí i, ẹ fi í sílẹ̀. Òkè ò ní sá lọ. Ojú abẹ́rẹ́ Màmá sàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti tàn káàkiri, ó sì pẹ́ gan-an kí àwọn ará àdúgbò tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ láìwádìí.