Ẹja Tó Ń Dé Akoto

"Ẹja tèmi nílé, bó ṣe kéré tó yìí náà ni, ṣùgbọ́n ó lu ọ̀nì pa!"

Ohun tí Tàjúdéènì kọ́kọ́ sọ fún Sọ̀fíyàt nìyẹn, kó tó rántí kí i kú iṣẹ́. Ọlọ́kadà ọmọ Ìgbòho ni Tàjú. Òwú àlàárì pupa ló gbé wá fún bàbá Sọ̀fíyàt ní Ìsẹ́yìn. Ó bá ọmọbìnrin náà nídìí òfì, ẹwà rẹ̀ gbóná débi pé táyà ọ̀kadà fẹ́ yọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì náà, nínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹja pupa kékeré kan ń wẹ̀, ìrù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ ìyàwó.

Sọ̀fíyàt ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ọ̀nì wo?"

"Ọ̀nì odò Ògùn! Ìgbájú ẹyọ kan péré, eyín ọgọ́ta ló dà sílẹ̀. Tí mo bá ń gbé e lọ sí Ṣakí lórí ọ̀kadà, ó ní akoto tiẹ̀ tó ń dé."

Ẹ̀rín pa Sọ̀fíyàt títí ọ̀kọ̀ ìhunṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkàn Tàjú fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tó tẹná mọ́lẹ̀.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀," ọmọbìnrin náà wí. "Sọ òótọ́ kan péré fún mi. Ṣé o tiẹ̀ ní ẹja?"

"Mo ní in! Mo fi ọ̀kadà mi búra!"

Nínú gbogbo irọ́ ọjọ́ náà, èyí nìkan ló gbà gbọ́.

Ìjàgbọ̀n ni wọ́n ń pe ẹja ilé Sọ̀fíyàt. Mùyìbátù, ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyàt, ló gbé e bọ̀ láti Ìbàdàn nínú ọ̀rá, lọ́jọ́ tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó fi ìkúùkù yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀. Akọ ni Ìjàgbọ̀n, kò sì sí akọ bíi tiẹ̀ tó lè rí tí kò ní fẹ́ pa. Tí wọ́n bá gbé dígí síwájú rẹ̀, á fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa kọ lu òjìji ara rẹ̀ títí imú á fi bó. Bàbá Àdìgún, bàbá wọn, ló ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á lọ bu tanwíjí nínú àgbá omi òjò fún un. Omi tó bá fẹ́ pààrọ̀ sínú ìgò náà gbọ́dọ̀ ti sùn mọ́jú nínú ilé, kí òtútù rẹ̀ má baà pa ẹja.

Fún oṣù mẹ́ta, Tàjú ò yé wá. Bí kò sí ẹrù, á gbé ara rẹ̀ wá.

"Sọ̀fí mi, lọ́jọ́ tí mi ò bá rí ẹ, ẹ̀dọ̀ mi á kúrò nípò, á lọ máa gbé Tẹ̀dé."

"Kó dúró sí Tẹ̀dé níbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Àdìgún, ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyàt ọkùnrin, ti wọlé. Apá ẹ̀gbọ́n yìí tó ìdí igi oṣè. Ó fi ọrùn ẹ̀wù gbé Tàjú sókè.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ àbúrò mi ni, àbí o fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Kí Tàjú tó dáhùn, ìgbájú ti dé. Ìgbájú náà dún débi pé ewúrẹ́ mẹ́ta bímọ láìtọ́jọ́ ládùúgbò.

"Fi í sílẹ̀, Àdìgún," bàbá wọn wí látẹnu ọ̀nà. Ó wá kọjú sí Tàjú. "Ẹnu ọkọ Mùyìbátù dùn ju tìẹ lọ. Wo ẹnu ọmọ mi lónìí. Ẹni tó bá lè tọ́jú ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ ni màá fún lọ́mọ. Sọ̀fíyàt ní o ní ẹja. Gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Tí mo bá rí i, kí bàbá rẹ wá bá mi. Tí mi ò bá rí i, má dé ìloro mi mọ́."

"Ẹ máa rí i, Bàbá! Ẹwà rẹ̀ á fọ́ dígí ojú yín, ẹ máa ra tuntun!"

Àmọ́ irọ́ gbáà ni, kò ní ẹja kankan nílé. Ibo ni yóò ti rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn? Ó wọ odò ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìgbòho, ó mú ọmọ ẹpìyà kan tó rí bí eérú ìdáná. Ó pọn omi, ó jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ó wá tanwíjí fún un. Fọ́jọ́ mẹ́ta ló ń bá a sọ̀rọ̀: "Jọ̀ọ́, má kú o. Ìyàwó mi wà lọ́rùn ẹ." Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, ó rì í sínú aró pupa, ó sì so fọ́nrán òwú àlàárì mọ́ ọn nírù. Ó wò ó, ó ní ọ̀nì gidi ì bá sá fún eléyìí.

Ní Ìsẹ́yìn, ó gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìjàgbọ̀n. Omi dé ojú Sọ̀fíyàt.

"Tàjú, o ní in lóòótọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Tàjú láyà ju ọ̀bẹ lọ. Kó tó ṣẹ́jú, Ìjàgbọ̀n ti rí pupa. Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ta pọ́n-ún jáde nínú ìgò tiẹ̀, ó já sínú ti ẹnìkejì. Ogun bẹ́ sílẹ̀! Ó fa òwú ya, ó gé ìrù jẹ, ó gbá àlejò mọ́ ara ìgò, aró ṣí, omi sì pọ́n ròrò.

"Ẹ̀jẹ̀!" Mùyìbátù figbe ta, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Tàjú gbàgbé ara rẹ̀, ó tọwọ́ bọ àárín wọn. Ìgò Tàjú ṣubú, ó fọ́ yángá, àfọ́kù ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gidi wá dà.

"Ẹ má jẹ́ kó pa á! Kò mọ ìjà rárá! Ẹpìyà odò wa lásán ni! Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀!"

Sọ̀fíyàt gbé Ìjàgbọ̀n nílẹ̀ padà sínú ìgò rẹ̀. Tàjú fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ gbé ẹpìyà sínú abọ́ omi. Bàbá Àdìgún ṣa òwú nílẹ̀, ó fọwọ́ yí i wò.

"Òwú mi nìyí. Wọ́n so ó mọ́ ẹja nídìí."

"Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbà gbọ́," Sọ̀fíyàt wí jẹ́jẹ́.

Ìkúùkù Àdìgún ló dáhùn. Tàjú fò lu òfì, ó wó o palẹ̀, ó fi orí gbá ògiri, ògiri ló bẹ̀bẹ̀. Àdìgún fa òpó òfì yọ. Tàjú ò dúró wo ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó fò kọjá ọ̀kadà ara rẹ̀, ó kọrí sí Ìgbòho pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ń sá tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ fi kù sẹ́yìn.

Ohùn Sọ̀fíyàt lé e bọ̀ láti ojú títì:

"Tàjú! Bàbá ti di Àdìgún mú! Wọ́n ní ẹpìyà yẹn sanra, wọ́n ní o mọ ẹja tọ́jú! Ọ̀kadà rẹ ńkọ́? Tó o bá ń bọ̀ wá gbé e, mú bàbá rẹ dání!"

Tàjú gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́.