Kì Í Ṣe Yìnyín Ló Kó Wọn Wá

Ọjọ́ tí Agélẹ́bẹ́ kọ́kọ́ wọ ọgbà ẹja wọn, díẹ̀ ló kù kí bàbá Jẹ́jẹ́ fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

"Ẹ má bínú, sà," ni obìnrin náà wí. "Lẹ́bẹ́ bíńtín ni mo fẹ́ gé. Kò tó èékánná ọmọ tuntun. Ẹja náà ò ní mọ̀ ọ́n lára."

"Ṣé ẹja ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" ni bàbá dáhùn. "Adágún wà níta yẹn, ti ìjọba ni. Lọ gé ti ìjọba. Tèmi, ẹnikẹ́ni ò ní fi abẹ kàn án."

Jẹ́jẹ́ wà nínú omi nígbà náà, omi mu ún dé ìbàdí, ó ń fi àwọ̀n ṣa ẹja òkú. Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe máa ń di ẹja mú bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni, kò tíì gbéyàwó, ìyá rẹ̀ sì ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe yí padà tó ń lọ, bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀, tó tóbi jù ú lọ, ń dún fọ̀pọ̀ fọ̀pọ̀. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sì gbọ́.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Bàtà yín ni. Ó ń sọ̀rọ̀ jù yín lọ."

Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Yunifásítì ló rán an wá kó wá wádìí ìran ẹja inú adágún ilẹ̀ olótùútù tí wọ́n ń gbé yẹn. Àwọn apẹja ló sọ ọ́ ní Agélẹ́bẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú ẹja, kó gé lẹ́bẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kó jù ú sínú ìgò kékeré, kó kọ nọ́ńbà sí i, kó sì dá ẹja padà sómi. Ó ń wá ẹni tí yóò máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun kiri. Jẹ́jẹ́ ní òun á ṣe é. Bàbá rẹ̀ kùn, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan dì mú.

"Kí lẹ ń wá gan-an?" ni Jẹ́jẹ́ bi í ní ọjọ́ kẹta.

Obìnrin náà na ọwọ́ sí àwọn òkè tó yí adágún ká. "Ṣé ẹ rí ibi yìí? Láyé ijọ́un, yìnyín ló bò ó. Yìnyín tó ga ju àwọn òkè yẹn lọ. Kò sí adágún, kò sí odò tó ń ṣàn. Ẹja tó ráàyè sá, ó sá lọ sí ibi kọ̀ọ̀kan tí omi ò tíì dì. Èyí tí ò ráàyè, ó kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yè. Nígbà tí yìnyín yọ́, ọmọ àwọn díẹ̀ yẹn ló gba ojú omi padà wá. Ìdí nìyẹn tí ẹja ilẹ̀ olótùútù fi máa ń jọra nínú ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ìyá tó bí gbogbo wọn ò pọ̀."

"Àwọn tó sá lọ síbòmíì ńkọ́?"

"Wọ́n di ìran ọ̀tọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọn ò rí ara wọn sójú."

Àtọmọdé ni Jẹ́jẹ́ ti ń bá ẹja gbé, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí. Ó wo ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni rí àlejò.

"Ẹ má pè mí ní 'ẹ' mọ́," ni Agélẹ́bẹ́ sọ lójijì. "Ó ń sọ mí di ìyá àgbà."

"Ó dáa. Ìwọ náà má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kí ọdún tó yí po, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ìyá Jẹ́jẹ́ ń pe obìnrin náà ní ọmọ mi. Bàbá nìkan ló ń wò ó bí ẹni wo ọlọ́pàá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Agélẹ́bẹ́ sáré wá sí etí omi, ìwé lọ́wọ́, omijé ayọ̀ lójú. Ó dì mọ́ Jẹ́jẹ́ tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó ń rùn bí ẹja.

"Olólùfẹ́ mi, ìran méjì ni! Àwọn ẹja apá ìlà-oòrùn yẹn, ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá ti àwọn yòókù mu rárá. Àwọn tí yìnyín yà sọ́tọ̀, inú adágún yín ni wọ́n ti padà pàdé! Kò sẹ́ni tó tíì rí irú rẹ̀ níbí. Ọ̀gá mi ní kí n wá sọ ọ́ níwájú àwọn onímọ̀ gbogbo àgbáyé lóṣù tó ń bọ̀."

Jẹ́jẹ́ ní, "Ó dáa gan-an ni, àyànfẹ́." Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Nítorí ó mọ ibi tí àwọn ẹja yẹn ti wá. Ní ọdún márùn-ún ṣáájú, oníbàárà kan yẹ àdéhùn, ẹja wẹ́wẹ́ tí bàbá rẹ̀ rà láti ọ̀nà jíjìn kún inú kòtò ẹja kọjá ààlà, wọ́n sì ń kú. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da ẹja àjèjì sínú adágún. Bàbá ní kó lọ dà wọ́n síbẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan, Jẹ́jẹ́ gbé wọn lọ sí apá ìlà-oòrùn, ó sì tú wọn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún un, sà. Ó fẹ́ lọ dúró níwájú ayé sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá já a, ó tẹ́ nìyẹn."

"Ṣebí inú rẹ̀ ń dùn?" ni bàbá wí. "Ta ló ní kó má dùn? Bí o bá la ẹnu rẹ, wọ́n á ti ọgbà yìí pa. Ọgbà tí bàbá mi fi ọwọ́ gbẹ́! Ọmọ gidi kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Òun tàbí ilé yìí. Mú ọ̀kan."

Ìyá tó ń ká aṣọ nínú yàrá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ń kọjá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Irọ́ ni o fẹ́ fi fẹ́ ẹ? Á wúwo fún ẹ o."

Ó sì wúwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ fi gbé e kiri. Ó ń wo Agélẹ́bẹ́ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè níwájú dígí, bó ṣe ń pe ìyá tirẹ̀ lórí fóònù pé, "Màmá, ọmọ yín ti rí nǹkan o!" Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí obìnrin náà rìnrìn àjò, Jẹ́jẹ́ lọ bá a nínú yàrá tó háyà, níbi tí àwọn ìgò kékeré to lọ bẹẹrẹ lójú fèrèsé.

"Kì í ṣe yìnyín ló kó wọn wá," ó ní. "Èmi ni."

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agélẹ́bẹ́ ò pariwo. Ó jókòó sórí ibùsùn, aṣọ ìrìn àjò lórí itan.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé àwọn ẹja tìẹ ni mo rí?"

"Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ó mi orí. "O gbọ́ tí mò ń sọ fún ìyá mi. O jókòó níbẹ̀ yẹn, o ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Má fi ìfẹ́ bò ó. Bí o bá fẹ́ ṣe mí lóore kan, wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó adágún, kí n má baà dà bí òpùrọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí n lọ."

Jẹ́jẹ́ lọ sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, ó fi fìlà bo orúnkún, kò gbójú sókè. Agélẹ́bẹ́ náà sọ tirẹ̀: ìran kan ṣoṣo ló wà nínú adágún láti ìgbà yìnyín, ọmọ àwọn díẹ̀ tó yè, kò sí irú wọn níbòmíì, àwọn àjèjì sì ti ń gùn wọ́n, ìran náà ti ń dàlú. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. Kò dágbére.

Wọ́n ti ọgbà ẹja pa. Bàbá ò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá kí i, ògiri ló ń kí padà. Jẹ́jẹ́ kó lọ sí yàrá kan létí omi. Ìgbìmọ̀ gbé iṣẹ́ fún un, pé kó máa kó àwọn ẹja apá ìlà-oòrùn kúrò. Ó pe Agélẹ́bẹ́ títí, kò gbé fóònù. Nígbà tó yá, kò pè mọ́.

Oṣù méje kọjá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń tú àwọ̀n, ó gbójú sókè, ó rí Agélẹ́bẹ́ tó dúró létí omi pẹ̀lú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀.

"Ojú lásán lo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ìdajì àwọn tí ò ń pa, ọmọ adágún ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ ní kí n wá máa yẹ̀ wọ́n wò."

"Káàbọ̀."

"Ìyá rẹ wá sílé wa. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn jókòó, ó mu omi, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo ń jẹun."

Jẹ́jẹ́ gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá. Inú ń bí mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo wà, kò sẹ́ni tí mo lè bínú sí. Mo wá rò ó pé bí n ó bá bínú, kí n kúkú máa bínú lójú ẹ."

Ó bínú lóòótọ́. Ó bínú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ jáde, wọn ò bò ó. Lọ́jọ́ kan Agélẹ́bẹ́ di ọwọ́ Jẹ́jẹ́ mú nígbà tí wọ́n ń bọ̀ sílé, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá méjèèjì wá. Bàbá ò wá.

Ó di oṣù kejì kí ẹnìkan tó kan ilẹ̀kùn wọn lówùúrọ̀. Bàbá ni, ó dúró níta nínú òtútù. Kò wo ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "àwọn ẹja tèmi tó wà nínú omi yẹn, ẹ ha lè kó wọn tán?"

Agélẹ́bẹ́ ò purọ́ fún un. "A lè má kó wọn tán láéláé, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń dín wọn kù, ìran adágún á yè."

Bàbá wá yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"Mo rí àwọ̀n tí o fi ń ṣe é," ó ní. "Ojú rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Àwọn wẹ́wẹ́ á máa bọ́ lọ. Gbé e wá, ká jọ tún un hun."

Jẹ́jẹ́ wọlé lọ gbé àwọ̀n.