Ìwé Ogún Tí Adéníyì Fi Yíǹkì Tún Ṣe

Ẹni tí kò bá mọ Adéníyì oníyọ̀ ní Èbúté Èrò, àlejò ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ korò, kò sì mọ bí a ti ń dárí ji ènìyàn.

Nígbà tí Àṣàbí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ fẹ́ Kàsímù, télọ̀ tí kò ní ju ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ, tìbínú-tìbínú ni Adéníyì gba ọ̀dọ̀ lọ́yà kan lọ nítòsí Tinúbú. Ó ṣe ìwé ogún. Bí òun bá kú, kí ilé òun ní Ìsàlẹ̀ Èkó di ti Fúnṣọ́ àbúrò òun. Àṣàbí kò gbọdọ̀ jogún àpótí ìjókòó lásán.

Ayé kì í dúró sójú kan. Fúnṣọ́ kú. Kàsímù náà kú, Àṣàbí sì kó ọmọ mẹ́ta padà sí yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀. Òun ló ń po ẹ̀kọ fún un láràárọ̀. Ìwé kò yí padà.

Dáfídì káfíńtà, tí òun àti Adéníyì jọ ń mu ẹmu kí Jésù tó gba Dáfídì là, rọ̀ ọ́ títí pé kó padà sọ́dọ̀ lọ́yà. Adéníyì ní òun náà mọ̀wé. Ó mú rúlà, ó fa ìlà pa orúkọ Fúnṣọ́, ó kọ ti Àṣàbí sókè rẹ̀. Ìgbà tó yá, Àṣàbí fún un lésì kan tí kò dùn mọ́ ọn, ó fa ìlà pa orúkọ Àṣàbí náà. Inú rẹ̀ rọ̀, ó tún un kọ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìwé náà fi dà bí ìwé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ábídí.

Ní ọdún 1957, ìpá tó ti ń bá a jà tipẹ́ le koko. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ Fúnṣọ́ wá fi okùn wọn yàrá tí Àṣàbí ń gbé, bí ẹni tó ti jogún rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Adéníyì àti Dáfídì gun àtẹ̀gùn lọ́yà. Lọ́yà wà ní kóòtù. Wọ́n padà lọ́sàn-án, kò tíì dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jókòó títí ìpá fi ń ta á bí iná. Nígbà tí lọ́yà dé, ó wo ìwé náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, èyí tí ẹ fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì nìkan lòfin mọ̀. Gbogbo yíǹkì yìí, òfo ni."

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ilé mi ni."

"Ilé yín ni, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kú ní Ọjọ́bọ̀, orúkọ òkú ló wà nínú ìwé. Ẹbí á máa fa ilé ní kóòtù, ọmọ yín á sì wà níta. Èyí kò ṣeé lẹ̀. Àfi ká kọ tuntun. Ẹ padà wá lọ́la."

Adéníyì kò lè dé ìsàlẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé ìbínú ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo rúlà, gbogbo yíǹkì, gbogbo ọdún wọ̀nyí! Dáfídì kò pẹ̀tù sí i nínú.

"Adéníyì, ṣé ìwé yẹn nìkan lo ń fi yíǹkì tún ṣe? Ọdọọdún lo ń fa ìlà pa ẹmu, pa ìbínú, pa èpè. Kí oṣù tó parí, o ti tún un kọ. Ọkàn rẹ kò ṣeé lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Jésù ní tuntun lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi fọwọ́ sí i."

Adéníyì fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà pé káfíńtà ti di wòlíì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn ìlà inú ìwé náà. Níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń ré e kọjá lọ sókè sódò, ó dorí kodò.

"Olúwa," ló wí, "mi ò lè tún un ṣe. Gbà mí."

Nígbà tó délé, ó pe Àṣàbí. Ọmọ náà dúró bí ẹni tó ń retí èébú.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Dárí jì mí."

Àṣàbí gbé abọ́ ẹ̀kọ síwájú rẹ̀. "Ẹ mu ẹ̀kọ yín, bàbá, kó má tutù," ló wí, ó sì jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ ìwé tuntun, Dáfídì àti akọ̀wé lọ́yà ṣe ẹlẹ́rìí. Ní Ọjọ́bọ̀, Adéníyì dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ dókítà láìbẹ̀rù. Ó sì jí.

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́, bóyá ní Apọ́ngbọ̀n ni, tí o ń kà á bí o ti ń rìn, dúró díẹ̀. Ìlà mélòó ni o ti fà sórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tí o tún kọ ọ́ padà? Bí ayé rẹ bá ti yí, lọ tún ìwé ogún rẹ kọ, kí àwọn ọmọ rẹ má bàa sunkún. Ṣùgbọ́n kí o tó gun àtẹ̀gùn ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Lọ́yà lè wà ní kóòtù. Olùgbàlà wà nílé lónìí. Ta ló sì mọ̀ bóyá ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀ tìrẹ?