Kámẹ́rà Tí Kò Mọ Àwọ̀

Ẹni tó jí kámẹ́rà Màmá Folúṣadé gbé ní Doka, ní ìlú Kaduna, ṣe ohun tó ya gbogbo àdúgbò lẹ́nu. Ó gé àgádágodo ṣọ́ọ̀bù, ó fi kámẹ́rà méjì tó ń ya àwọ̀ mèremère sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ gbé ẹyọ kan tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí: èyí tó jẹ́ pé dúdú àti funfun nìkan ló ń yà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

"Olè yìí kò gbọ́n rárá," ni ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí.

Inspẹ́kítọ̀ Raheemat Àjàní kò gbà bẹ́ẹ̀. Kaduna ni wọ́n bí i sí, ó sì ti rí olè tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé òmùgọ̀ inú wọn gan-an kì í fi ohun tó ṣeé tà kíákíá sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àpótí náà. Wọn kò já a. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i, wọ́n sì ti dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sábẹ́ aṣọ tábìlì níbi tó máa ń wà.

Folúṣadé, ọmọ Kàbà tó ti ń ya fọ́tò ní ìlú yìí fún ogójì ọdún, jókòó sórí àga, ó ń nu ojú.

"Ọmọ mi, kì í ṣe kámẹ́rà ni mò ń sunkún lé lórí. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni ìyá Richard, ọkùnrin tí òun àti Folúṣadé jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá náà ti kú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ sin ín ní Kàbà lọ́jọ́ Ẹtì. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta tó fi ṣàìsàn, ìmọ́lẹ̀ a máa gún un lójú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun.

"Kámẹ́rà yìí nìkan ló lè yà á nínú yàrá tí a ta kọ́tìnì bò," ni Folúṣadé wí. "Kì í wá àwọ̀ kiri, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó o. Ẹ̀gbọ́n mi gbà fún mi nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Ó ní kí n má sọ fún Richard, kí n fún un lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọkàn mi kò tíì gbé e láti ṣí i, ká má tilẹ̀ sọ pé mo gbé e sí ibòmíràn."

"Mà á wá a rí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, Mọ́mì," ni Raheemat wí. Ó kábàámọ̀ ìlérí náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi léèrè ni Àúdù, ayàwòrán ìgbéyàwó ní Rigasa, tó ti bẹ Folúṣadé lẹ́ẹ̀mẹta kó ta kámẹ́rà náà fún òun.

"Haba, Hajiya! Mo fẹ́ ẹ, mi ò sì fi pamọ́. Ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Bí àwọ̀ bá wà nínú fọ́tò, aṣọ lèèyàn máa wò. Bí kò bá sí, ojú ẹni náà ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí i, ta ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn? Wallahi, òun nìkan ló wà nílùú yìí. Wọ́n á mú mi lọ́jọ́ kejì ni."

Richard, tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kò tilẹ̀ jókòó.

"Anti mi ló fi owó ṣòfò, Madam. Àwọ̀ làwọn kọ́sítọ́mà ń fẹ́. Kò sí kámẹ́rà tí kò ní àwọ̀ nínú. Wọ́n kàn tì í pa ni. Ẹ wo fóònù mi: mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó di dúdú àti funfun, mo tún un tẹ̀, àwọ̀ padà. Mo sọ fún wọn títí, wọn ò gbọ́."

"Ta lo wá rò pé ó gbé e?"

"Kí ni mo mọ̀? Olè ni."

Lọ́jọ́ kejì, Raheemat lọ sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, níbi táwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe wà nítòsí gáréèjì. Kò béèrè ta ló gbé ẹrù olè wá, torí kò sẹ́ni tí yóò dáhùn ìyẹn. Ohun tó béèrè ni bóyá ẹnì kan gbé kámẹ́rà tí àwọ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò jáde wá. Ọ̀kan nínú wọn, Ahmad, bú sẹ́rìn-ín.

"Òun rèé, Madam. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń bá a jà. Ó ti sú mi! Ẹni tó gbé e wá ò sì sọ orúkọ fún mi."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Inspẹ́kítọ̀ gbé kámẹ́rà náà kalẹ̀ níwájú Folúṣadé, Àúdù àti Richard.

"Ẹni tó gbé e mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà," ló wí. "Ó tún dá a padà síbẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ará ilé nìyẹn. Àúdù ò ní gbé e lọ tún ṣe, torí ó mọ̀ pé kò bàjẹ́. Olè lásán ì bá ti tà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà pé wọ́n ti àwọ̀ pa sínú rẹ̀. Richard, ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ fún mi."

Richard dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Anti, ẹ dárí jì mí! Ìsìnkú Mọ́mì ni mo fẹ́ fi yà, pẹ̀lú àwọ̀, kó lẹ́wà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tẹ́ ẹ lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé e. Mo rò pé mà á dá a padà kẹ́ ẹ tó mọ̀. Nígbà tí Ahmad ò tètè ṣe é, ẹ̀rù bà mí, mo bá gé àgádágodo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó lè dà bíi pé olè ló wọlé."

Folúṣadé tẹ kámẹ́rà náà, ó ń wo fọ́tò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ògiri ṣọ́ọ̀bù Ahmad, tó fi ń dán an wò, ló kún inú rẹ̀, bí igba, gbogbo rẹ̀ dúdú àti funfun.

"Fọ́tò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" ló bi Richard.

"Ahmad ní ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo ní kó ṣe é."

Raheemat ti mọ̀. Ó ti gbé e fún onímọ̀ kọ̀ǹpútà láàárọ̀, onítọ̀hún wá a títí, kò rí nǹkan kan. Ó dun Raheemat pé òun yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wù ú kó jẹ́ olè gidi ló gbé e, olè tí ì bá tà á láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀.

Folúṣadé sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún Richard. Àúdù yí ojú sí ògiri. Nígbà tí Raheemat béèrè nípa ẹjọ́, obìnrin náà mi orí.

"Ẹjọ́ wo ni mo fẹ́ pè?"

Richard gbé orí sókè.

"Anti, báwo ni wọ́n ṣe rí nínú fọ́tò náà?"

"Mi ò wò ó, ọmọ mi," ni Folúṣadé wí. "Ìwọ ni mò ń dúró dè, kí àwa méjèèjì jọ wò ó."